Ọyẹ́ ti ń bọ̀: bí ẹ ṣe máa tọ́jú ọ́kíìdì àti fúláwà yín l'Óṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin fúláwà sílé l'Óṣogbo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ọyẹ́ tó wọlé tán, torí tó bá di Dìsẹ́ńbà tẹ́ ẹ jí láàárọ̀ tẹ́ ẹ rí i pé eruku ti bo gíláàsì mọ́tò, tí ètè yín ti ń bẹ́, tẹ́ ẹ wá ń wá òrí kiri inú ilé, fúláwà yín náà ti ń jìyà nìyẹn, kò kàn lẹ́nu tó máa fi ké ni.

Òkè Baálẹ̀ ni mò ń gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ò sì tóbi, àmọ́ fúláwà ló kún ibẹ̀. Ọ́kíìdì àkọ́kọ́ tí mo rà, Phalaenopsis funfun ni, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá fún mi, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó máa wọlé tí ò ní bèèrè pé ṣé òdòdó gidi ni àbí ti rọ́bà. Nígbà tí ọyẹ́ dé mo lọ wo fídíò lórí YouTube, gbogbo àwọn òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló ń sọ pé òtútù ni ọ̀tá ọ́kíìdì, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ ti fèrèsé pa, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo fi ọ̀rá wé e, mo da aṣọ ìborùn lé e, mo ti fèrèsé, mo sì ń bu omi sí i lálaalẹ́ torí mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí mo ṣí i, òórùn burúkú kan kọ́kọ́ jáde, mo fọwọ́ kan ewé àárín báyìí, ó já wá sí mi lọ́wọ́, ìdí ẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà. Ó dùn mí débi pé mi ò ra òmíràn fún ọdún kan gbáko.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo fẹ́ sọ. Àwọn òyìnbó yẹn ò purọ́, ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, tí òtútù bá lọ sábẹ́ dígíríì 0 ti Celsius, omi inú ewé á di yìnyín, á fọ́ ara ewé láti inú, tó bá sì yọ́ tán ewé á dúdú, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Kó tiẹ̀ tó dé 0, òru kan tàbí méjì lábẹ́ dígíríì 10 ti tó láti ṣe ọ̀pọ̀ fúláwà ilẹ̀ olóoru léṣe. Ọyẹ́ tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ l'Óṣogbo ó lè wá sí bíi dígíríì 18, àwa la máa ń gbọ̀n, àwa la máa ń wọ súwẹ́tà, ara ọ́kíìdì le koko. Gbígbẹ ni ọyẹ́ fi ń pa fúláwà níbí. Atẹ́gùn tó ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó ti kó eruku láti Chad lọ́hùn-ún, kò lómi kankan lára, gbogbo ibi tó bá ti rí omi ló máa fà á, ìbáà jẹ́ lára ètè yín, ìbáà jẹ́ lára ewé. Ọ́kíìdì fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọyẹ́ bá mú dáadáa ó lè já wá sí 30, kó tún lọ sísàlẹ̀ sí i. Torí náà iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa ni ká wá ọ̀rinrin fún fúláwà wa, ká gbà á lọ́wọ́ oòrùn, ká sì nu eruku kúrò lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ìborùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọ́kíìdì jẹ́

Àwọn èèyàn máa ń pè é ní àfòmọ́ torí pé orí igi ló ń gbé nínú igbó. Àfòmọ́ kọ́. Àfòmọ́ máa ń ki gbòǹgbò bọ inú igi, ó ń mu nínú oúnjẹ igi, ó sì lè pa á. Irú ọ́kíìdì tá à ń sọ yìí kàn jókòó sórí ẹ̀ka ni, omi òjò àti ìrì ló ń mu, ìdọ̀tí ewé tó bá bọ́ sẹ́bàá ẹ̀ ló ń jẹ. Gbòǹgbò ẹ̀ wà níta gbangba nínú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ bíi ti ata ó máa kú. Èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ àti èèpo àgbọn onírun lẹ máa kó sínú ìkòkò ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rẹ èèpo àgbọn yẹn sómi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa dà á nù kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, torí iyọ̀ tó wà lára ẹ̀.

Àwa náà ní ọ́kíìdì tiwa o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ansellia africana wà ní Nàìjíríà, òdòdó ẹ̀ yẹ́lò tó ní àmì tótòtó bíi ti ara àmọ̀tẹ́kùn, ó máa ń gbé orí ọ̀pẹ àti igi ńlá. Ẹ wo bó ṣe ń gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá: ara ẹ̀ wú bí ìrèké kékeré, omi ló kó pamọ́ síbẹ̀. Phalaenopsis ò ní irú àpò omi bẹ́ẹ̀, ewé ẹ̀ àti gbòǹgbò ẹ̀ nìkan ló ní, òun ló fi jẹ́ pé ọyẹ́ tètè ń mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ máa ká ọ́kíìdì nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ jẹ́ ibi ọ̀wọ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, ewé tó wà níbẹ̀ níbẹ̀ ni kó wà. Ẹ ra èyí tí wọ́n gbìn.

Kí ọyẹ́ tó dé

Láti Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Ọkítóbà, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ dé e dáadáa kí ẹ̀fọn má yé sí i. Omi òjò ló bá ọ́kíìdì lára mu jù. Omi kànga àti ti bọ́họ̀ lè ní iyọ̀ ilẹ̀ tó pọ̀, ẹ máa rí i tó bá ń gbẹ funfun sí ẹnu ìkòkò àti sí orí gbòǹgbò. Ó tún jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kànga ìlú yìí ló ń gbẹ tó bá di Fẹ́búárì, tẹ́ ẹ bá sì ti ń fa ìdọ̀tí sínú korobá, fúláwà kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rò. Tí omi òjò ò bá tó, ẹ lò ó fún ọ́kíìdì nìkan, kẹ́ ẹ fi ti kànga rin àwọn tó kù.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí. Ní bíi Júùnù, oòrùn ọ̀sán máa ń gba apá àríwá díẹ̀ kọjá lórí wa, tó bá di Dìsẹ́ńbà ó ti sún lọ sí gúúsù, ó sì ń yọjú wọlé lábẹ́ òrùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí gúúsù, tí kò rí oòrùn rárá nígbà òjò, òun náà lá máa gba oòrùn ganrínganrín lórí ewé láti aago mọ́kànlá. Igi fúrúùtù iwájú ilé tẹ́ ẹ kó fúláwà sábẹ́ ẹ̀ tún lè wọ́wé sílẹ̀ lásìkò yẹn kan náà, ìbòòji ti lọ. Ẹni tí ò gbé ìkòkò ẹ̀ kúrò níbi tó wà láti Júlàì á kàn rí i pé ojú ewé ti funfun, ó tún gbẹ bíi bébà tí iná là. Ojú ibẹ̀ ò ní padà tutù mọ́ láéláé. Nítorí náà kó tó di ìparí Nófẹ́ńbà, ẹ lọ dúró sí ibi tẹ́ ẹ kó fúláwà sí láago méjìlá ọ̀sán, kẹ́ ẹ na ọwọ́ yín sókè ewé: tí òjìji ọwọ́ bá dúdú kirikiri tí etí ẹ̀ mọ́, oòrùn ti pọ̀ jù, ẹ gbé e sẹ́yìn tàbí kẹ́ ẹ ta kọ́tìnnì funfun tàbí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó síwájú ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí ọ̀rinrin fún un

Ẹ wá àwo fífẹ̀ tàbí tíréè, ẹ kó òkúta wẹẹrẹ sínú ẹ̀ kó kún, ẹ wá da omi sí i títí ó fi kù díẹ̀ kó bo òkúta. Orí òkúta yẹn ni ìkòkò máa jókòó sí. Ìdí ìkòkò ò gbọdọ̀ kan omi o, ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí tó bá kan omi gbòǹgbò máa fà á sókè, á sì jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Omi yẹn á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, á sì máa lọ sókè yí ewé ká. Lásìkò ọyẹ́ tó le, tíréè tèmi máa ń gbẹ tán láàárín ọjọ́ méjì, nígbà òjò ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kó wọn jọ. Ewé kan ń mí omi jáde, èkejì ń jẹ nínú ẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá tó sún mọ́ra wọn, ibi tí wọ́n wà á yàtọ̀ sí ìyókù ilé, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín wọn láàárọ̀ ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ kí ewé má lẹ̀ mọ́ra, kí atẹ́gùn lè rìn láàárín wọn. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń pọnmi tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì ní in nílé, ẹ pọnmi kún un, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín wọn, amọ̀ máa ń laàgùn, òógùn yẹn gan-an la ń wá. Mo fẹ́ràn èyí ju fífọ́n omi lọ, torí omi tẹ́ ẹ fọ́n sójú ewé ò ní pẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọyẹ́ á fi gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́n náà, kó jẹ́ àárọ̀, kó má sì dúró sí ọkàn ewé. Ọkàn ewé yẹn ni ibi tí ewé tuntun ti ń yọ láàárín, ibẹ̀ náà ni tèmi ti jẹrà. Tí omi bá kó síbẹ̀, ẹ fi tíṣù tàbí òwú fà á jáde.

Omi bíbù

Níbi omi ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹ má máa ka ọjọ́, gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ máa wò. Ọ̀pọ̀ Phalaenopsis máa ń wà nínú rọ́bà tó mọ́ gaara tẹ́ ẹ lè wo inú ẹ̀. Tí gbòǹgbò bá tutù yọ̀yọ̀, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, omi ṣì wà, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ti di fàdákà, bíi eérú tó ń dán, ó ti ń fẹ́ omi. Tó bá jẹ́ búráùn tó rọ̀, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tí awọ ẹ̀ bọ́ tó ku òwú tín-ín-rín kan láàárín, ó ti jẹrà, ẹ fi abẹ tí ẹ ti fi sípíríìtì nù gé e kúrò. Mo máa ń gbé ìkòkò náà bọ korobá omi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí mo bá gbé e jáde mo máa ń fi kọ́ kó ro tán kí n tó dá a padà sórí òkúta. Lásìkò ọyẹ́ tèmi máa ń gba bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó dín, ẹ wo gbòǹgbò.

Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bomi rin wọ́n, kí ewé tó bá tutù lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Omi tó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́ máa ń tutù bíi ti fíríìjì, ẹ jẹ́ kó kúrò ní títutù kẹ́ ẹ tó lò ó. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ dín in kù sí ìdajì tàbí kẹ́ ẹ dúró ná, tí ewé tuntun bá ti ń yọ kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Eruku àti kòkòrò

Eruku ọyẹ́ máa ń dí ojú ihò tí ewé fi ń mí, ó sì máa ń dínà ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan gbé abẹ́ ewé, kẹ́ ẹ fi èkejì nù láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kẹ́ ẹ má fà á. Ẹ má fi òróró tàbí òrí pa á kó lè máa dán, mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, òróró yẹn á dí ihò náà, ọyẹ́ ọ̀la á sì lẹ eruku mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù.

Bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún, ẹ yí abẹ́ ewé síta kẹ́ ẹ wò ó. Kòkòrò pupa kan tó jẹ́ ẹbí alántakùn wà, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i dáadáa, ó fẹ́ràn ibi tó gbẹ tó sì móoru, ọyẹ́ ni ọdún tiẹ̀. Tí ojú ewé bá ní àmì funfun tótòtó, tàbí tẹ́ ẹ rí òwú tín-ín-rín láàárín ewé àti igi ẹ̀, ẹ gbé bébà funfun sábẹ́ kẹ́ ẹ gbọn ewé sí i, tí eruku yẹn bá ń rìn, òun nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù kíákíá, ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé, ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi ìfọbọ́ mọ́ lítà omi kan, ẹ fi nù ún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi omi lásán ṣàn án. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún títí dìgbà mẹ́ta, torí ọṣẹ ò ní pa ẹyin ẹ̀.

Ibi tó máa wà nínú ilé

Kí fáànù tàbí ẹ́síì má dojú kọ ọ́. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́sàn-án, ilé tí wọ́n tì pa máa ń mú kí nǹkan jẹrà. Ọmọ òdòdó tó ti wú tó wá gbẹ tó já bọ́ láì là, ohun méjì ló sábà máa ń fà á nílé wa yàtọ̀ sí gbígbẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èéfín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun náà ló ń mú èso yòókù pọ́n, òun kan náà ló ń sọ fún òdòdó pé ìgbà ẹ̀ ti tó. Lọ́dún kan mo gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Phalaenopsis mi torí ayẹyẹ kan, ọmọ òdòdó mẹ́fà ló wà lórí ọ̀pá náà, kó tó di ọjọ́ kẹrin gbogbo wọn ti di yẹ́lò, mo ń ṣà wọ́n nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ní in nínú.

Ẹ má ṣe gbé àdògán èédú wọ yàrá láti fi mú ilé gbóná, ì báà jẹ́ torí fúláwà tàbí torí ara yín. Èéfín ẹ̀ tí ò lóòórùn yẹn máa ń pa èèyàn lójú oorun.

Àwọn fúláwà tó kù, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Caladium máa gbẹ pátá, ewé ẹ̀ á wó lulẹ̀, ẹ má dà á nù, iṣu ẹ̀ ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ ni, ẹ dá omi dúró, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò ẹ̀ síbi gbígbẹ. Anthurium àti calathea fẹ́ ohun tí ọ́kíìdì fẹ́, tíréè òkúta náà ni tiwọn, etí calathea ló máa kọ́kọ́ gbẹ, òun ló ń sọ fún mi pé ọ̀rinrin ti lọ sílẹ̀. Bougainvillea ń gbádùn ara ẹ̀ ní tiẹ̀, bí omi bá ṣe wọ́n tó ni òdòdó ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Pèrègún ò sì ní wàhálà kankan, ilẹ̀ wa ni ilé ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí yìnyín ti ń já bọ́

Àbúrò mi obìnrin wà ní Houston, ó gbin ewúro, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti hibiscus sẹ́yìnkùlé, ó ní ọ́kíìdì méjì nínú ilé. Ní Fẹ́búárì 2021 tí òtútù ńlá yẹn mú Texas tí iná lọ, òun ló ń pè mí pé kí lòun máa ṣe. Ibẹ̀ ni aṣọ ìborùn ti wúlò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé òtútù ń bọ̀, ẹ kó gbogbo èyí tó wà nínú ìkòkò wọlé kílẹ̀ tó ṣú, ẹ yẹ abẹ́ wọn wò torí kòkòrò. Èyí tẹ́ ẹ gbìn sílẹ̀, ẹ bomi rin ilẹ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ tó tutù máa ń pa ooru mọ́ ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ wá fi aṣọ bò ó kó wọ́lẹ̀ yí ká, torí ooru tó ń jáde láti ilẹ̀ lẹ fẹ́ há mọ́bẹ̀, aṣọ tẹ́ ẹ so mọ́ ọrùn igi bíi gèlè ò ní ṣe é láǹfààní kankan. Ọ̀rá ò gbọ́dọ̀ kan ewé, ibi tó bá kàn ló máa jóná. Tí oòrùn bá yọ tó sì ti kúrò ní 0, ẹ ṣí i. Ọ́kíìdì inú ilé, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì fèrèsé, ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé.

Jẹnẹrétọ̀ àti èédú, ìta ni kó wà, àwọn èèyàn kú ní Texas lọ́dún yẹn torí pé wọ́n gbé e wọlé. Ẹ má sì tètè gé igi tó dúdú. Àbúrò mi fẹ́ fa ewúro ẹ̀ tu lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kó fi èékánná ha èèpo ẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, ó ní òun rí àwọ̀ ewé níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ewúro yẹn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ hù padà láti ìdí, hibiscus ni kò bọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ

Òru tó tutù tá à ń sá fún yìí, òun ni Phalaenopsis ń retí kó tó yọ òdòdó. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin tí òru bá fi wà ní dígíríì 16 sí 20, tí ọ̀sán sì móoru ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti tó fún un. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú omi àti ọ̀rinrin ẹ̀ dáadáa láti Dìsẹ́ńbà, ẹ máa wo abẹ́ ewé kejì tàbí ìkẹta láti òkè tó bá di ìparí Jánúárì. Gbòǹgbò tuntun ní orí róbótó tó ń dán, ọ̀pá òdòdó ní orí pẹlẹbẹ bíi ìbọ̀wọ́ ọmọdé tó ní àtàǹpàkò. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má yí ìkòkò padà mọ́, ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ wà ló ń dojú kọ.

Tí òjò bá padà dé ní Máàṣì, ẹ má sáré kó gbogbo wọn síta lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbé wọn síbi ìbòòji láàárọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Omi òjò àkọ́kọ́ tó bá ṣàn láti orí páànù, ẹ jẹ́ kó lọ, eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ẹ máa rí bó ṣe pupa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta lèmi máa ń gbé dúrọ́ọ̀mù sí.